Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Ìkarahun Ìgbín Òkun Àtijọ́, Bí A Ṣe Ń Ṣàpèjúwe Wọn àti Bí A Ṣe Ń Pín Wọn sí Ẹbí

Kíláàsì: SS 2
Iṣẹ́: Báyọ́lọ́jì àti Jọ́gíráfì
Ibi: Adó-Èkìtì
Àkókò: Ìṣẹ́jú 80
Orí-ọ̀rọ̀: Fọ́sìlì ìgbín òkun

ÈRÒŃGBÀ

Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
1. sọ ìdí tí fọ́sìlì ìgbín òkun kò fi sí nínú àpáta Adó, kí ó sì dárúkọ ibi tó sún mọ́ wa tí ó wà;
2. tọ́ka sí ẹ̀yà ara ìkarahun, kí ó sì wọ̀n ọ́n;
3. ya ojúlówó ìkarahun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dà rẹ̀ tí òkúta ṣe;
4. kọ àpèjúwe tí ẹni tí kò rí ìkarahun náà yóò kà, tí yóò sì lè yà á lórí ìwé;
5. fi àpèjúwe náà pín ìkarahun sí ẹbí tó yẹ ẹ́.

OHUN ÈLÒ

Ìkarahun ìgbín mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a ti fọ̀, ìkarahun ìṣáwùrú, owó ẹyọ, rúlà, okùn òwú, protractor, awò tó ń mú nǹkan tóbi, èérún òkúta tí àwọn tó ń fọ́ òkúta ń tà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, páálí kékeré fún àkọlé, amọ̀ rírọ̀, ayùn. Bí ilé ìwé bá ní ègé òkúta ẹfun láti Ewékorò, kí olùkọ́ gbé e wá. Bí kò bá ní, ẹ̀kọ́ náà ṣì ṣeé ṣe láìsí i.

ÌMỌ̀ TÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ TI NÍ

Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìgbín, ó mọ ìṣáwùrú, ó sì ti rí owó ẹyọ rí. Ó ti kọ́ nípa àpáta tí iná abẹ́ ilẹ̀ bí, èyí tí omi kó jọ, àti èyí tí ooru yí padà.

ÌFÁÀRÀ: KÍ LÓ DÉ TÍ A KÒ RÍ I NÍ ADÓ?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ jáde ní Adó yóò rí Olósùnta àti Òròlé. Gíránáìtì ni àpáta ńlá wọ̀nyí. Wọ́n ti yọ́ rí nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì dì níbẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Òkúta dúdú tó fẹ́ ṣe àwọ̀ ewé, tí wọ́n ń pè ní charnockite, tí ó wà káàkiri láàárín Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Àkúrẹ́, inú ooru kan náà ló ti wá. Kò sí ẹ̀dá oníkarahun tó lè gbé nínú irú ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá já fáfá lè béèrè nípa òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ìkógòsì. Ìbéèrè gidi ni. Iyanrìn ni òkúta funfun tó le koko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, iyanrìn sì lè pa ìkarahun mọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn yẹn ti rọ̀ sílẹ̀, ooru àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di quartzite, kí ìgbín àkọ́kọ́ tó wà láyé.

Nítorí náà, òkúta tí a ń wá gbọ́dọ̀ pé ohun méjì: kí omi òkun ló kó o jọ, kí ó sì jẹ́ lẹ́yìn tí ìgbín ti wà. Irú rẹ̀ tó sún mọ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, lápá Òkìtìpupa, ó gba ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó kọjá, ó sì gba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá títí dé Gánà. Àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní agbada Dahomey. Abẹ́ igbó àti abẹ́ ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ewékorò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti là á sílẹ̀ tí ojú fi lè tó o, nítorí pé láti 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń gbẹ́ òkúta ẹfun níbẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: ÒKUN EWÉKORÒ

Olùkọ́ yóò ya ìpele òkúta Ewékorò sójú pátákó, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, yóò sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ìpele kọ̀ọ̀kan ń wí.

Ìpele ìsàlẹ̀: òkúta ẹfun tí iyanrìn dà mọ́. Iyanrìn túmọ̀ sí pé etíkun kò jìnnà. Odò ń kó o wọ inú òkun.
Ìpele àárín: òkúta ẹfun tí ìkarahun kún inú rẹ̀. Òkun ti wọlé sí i, iyanrìn ti dín kù, àwọn ẹ̀dá oníkarahun sì ti rí ààyè gbé.
Ìpele òkè: òkúta ẹfun tí ewé inú omi (algae) tó ń fi ẹfun kọ́ ara rẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Oòrùn ni ohun ọ̀gbìn fi ń jẹun, nítorí náà omi náà mọ́, kò sì jìn.
Lórí gbogbo rẹ̀, ní àwọn ibì kan: òkúta pupa tí fọ́sífeètì wà nínú rẹ̀.

Sáà Paleocene, láàárín mílíọ̀nù 66 sí mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, ni òkúta yìí ti wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ti ya kúrò lára Áfíríkà nígbà náà, òkun Àtìláńtíìkì ti gba àárín wọn, omi sì ti gun orí etí ilẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè, ti Yunifásítì Ifẹ̀ tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, kọ ìwé ńlá kan lórí òkúta náà àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1977 nínú Bulletins of American Paleontology.

Àkíyèsí fún olùkọ́: akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè bóyá ìkarahun òkun wà nínú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi kọ́ ilé wọn. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí àpò náà ti wá. Ewékorò, Ṣágámù àti Ìbèṣè ń lo òkúta ẹfun inú agbada òkun yìí. Obajana ní ìpínlẹ̀ Kogí ń lo mábù, òkúta tí ooru ti yí padà, tí kò sí ìkarahun kankan tí a lè dá mọ̀ nínú rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Ẹ̀YÀ ARA ÌKARAHUN

Pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, kí o sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìkarahun ìgbín kan. Kí wọ́n dì í mú kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí wọn. Báyìí ni a ń di gbogbo ìkarahun ìgbín mú kí a tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ṣóńṣó: ibẹ̀ ni ìgbín ti bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ìyí kékeré tó wà níbẹ̀ ni ìkarahun ọmọ tuntun.
Ìyí: ìká kọ̀ọ̀kan tí ìkarahun ká yípo. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń kà á lọ sókè bí ṣóńṣó bá ti kán.
Ìyí ìkẹyìn: èyí tó tóbi jù, tí ẹran ara ń gbé.
Àkájọ òkè: gbogbo ìyí tó kù lórí ìyí ìkẹyìn.
Ojú ìpàdé: ilà tí ìyí kan ti kan èkejì. Ó lè jìn, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn.
Ẹnu àti ètè: ẹnu lè jẹ́ róbótó, kí ètè rẹ̀ sì pé yípo, tàbí kí ètè ìsàlẹ̀ ní ojú ọ̀nà omi, níbi tí ìgbín òkun ti ń na ọ̀pá ìfami rẹ̀ jáde.
Òpó àárín: ọwọ̀n tí gbogbo ìyí rọ̀ mọ́. Fi ayùn la ìkarahun kan sí méjì níwájú kíláàsì kí wọ́n rí i.
Ìdodo: ihò tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ òpó náà lára àwọn ẹ̀yà kan.
Ìdérí: pátákó kékeré tí ìgbín fi ń ti ilẹ̀kùn. Ìṣáwùrú ní i. Ìgbín inú igbó wa kò ní i.
Iṣẹ́ ara: ilà, òkè, kókó àti ẹ̀gún tó wà lára ìkarahun. Ilà tó bá ìyí lọ yàtọ̀ sí ilà tó gba òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ilà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá ètè dọ́gba jẹ́ àmì ìdàgbà.

Apá wo ni ó ká sí? Bí ẹnu bá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó dì í mú, ó ká sí ọ̀tún. Ìgbín wa ká sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìgbín òkun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé tòun ká sí òsì, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá orí ni ó fi sọlẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: OHUN TÓ ṢẸ́ KÙ NÍNÚ ÒKÚTA

Ìdánwò kékeré: fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èérún òkúta Adó. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ ègé ìkarahun ìgbín kúnná, kí o sì fún omi kan náà sí i. Wo ìfófòó wíníwíní tó ń yọ. Kálísíọ́mù kábónéètì ni ìkarahun. Ásíìdì inú ọsàn ń tú afẹ́fẹ́ kábónì dáyọ́ksáìdì jáde lára rẹ̀. Lúlúù òkúta ẹfun náà yóò fófòó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò yẹn ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ náà. Omi òjò ní ásíìdì díẹ̀ nínú. Oríṣi kálísíọ́mù kábónéètì tí ìgbín fi ń kọ́lé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ aragonite, tètè ń yòrò ju oríṣi kejì, ìyẹn calcite, lọ. Nítorí náà, ní Ewékorò, ìkarahun ìgbín púpọ̀ ti yòrò lọ, ìrísí rẹ̀ nìkan ló kù. Ohun tí a bá ká nílẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin:

(a) Ojúlówó ìkarahun: kò wọ́pọ̀ nínú òkúta ẹfun.
(b) Ẹ̀dà inú: ẹrẹ̀ wọ inú ìkarahun, ó dì, ìkarahun sì yòrò kúrò lórí rẹ̀. Ara rẹ̀ máa ń dán, àlàfo sì máa ń wà láàárín ìyí kan sí èkejì níbi tí ògiri ìkarahun ti wà rí.
(d) Àpá ìta: ihò tí ara ìta ìkarahun tẹ̀ sínú òkúta. Iṣẹ́ ara máa ń hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní òdì: òkè di kòtò, kòtò di òkè.
(e) Arọ́pò: ohun mìíràn, calcite ni púpọ̀ ìgbà, wá kún àyè tí ìkarahun fi sílẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ẹ̀dà inú àti àpá ìta fúnra wọn. Amọ̀ rírọ̀ ni kí wọ́n lò: kí wọ́n tẹ ìkarahun ìgbín mọ́ ọn fún àpá ìta, kí wọ́n sì ki amọ̀ sínú èyí tó ti fọ́ fún ẹ̀dà inú. Nígbà tí wọ́n bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò rí i pé ìgbín kan ṣoṣo lè fi fọ́sìlì méjì tí kò jọra sílẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: BÍ A ṢE Ń KỌ ÀPÈJÚWE

Òfin iṣẹ́ yìí kan ni: kọ ohun tí o rí kí o tó dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ, ohun tí orúkọ náà ní kí ó rí ni yóò máa rí.

Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé nìyí:
1. Nọ́ńbà, ibi tí a ti rí i, ìpele òkúta, ọjọ́, ẹni tó mú un.
2. Irú ohun tó jẹ́: ojúlówó, ẹ̀dà inú, àpá ìta tàbí arọ́pò.
3. Ohun tó sọnù lára rẹ̀.
4. Ìwọ̀n: gíga, fífẹ̀, gíga ẹnu, igun ṣóńṣó, iye ìyí.
5. Ìrísí gbogbo rẹ̀ àti apá tó ká sí.
6. Ìyí àti ojú ìpàdé.
7. Iṣẹ́ ara.
8. Ẹnu, ètè, òpó àárín, ìdodo.
9. Ọgbẹ́ tàbí ihò, bí ó bá wà.

Àpẹẹrẹ (olùkọ́ ló ṣẹ̀dá rẹ̀ fún ẹ̀kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ dà á kọ):

"Ẹ̀dà inú, òkúta ẹfun àwọ̀ eérú. Ṣóńṣó ti kán, ètè kò sí mọ́. Gíga tó kù jẹ́ 42 mm, fífẹ̀ 13 mm, igun ṣóńṣó ìwọ̀n 16. Ìyí 9 ló ṣẹ́ kù. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ká sí ọ̀tún. Ìyí ń tóbi díẹ̀díẹ̀, kò sí èyí tó tóbi lójijì. Ẹ̀gbẹ́ ìyí yọ jáde díẹ̀. Àlàfo àárín ìyí jìn. A kò rí iṣẹ́ ara nítorí pé ẹ̀dà inú ni. Ojú ibi tí ẹnu ti ya rí róbótó."

Olùkọ́ yóò tẹnu mọ́ gbólóhùn tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "ara rẹ̀ ń dán, kò ní iṣẹ́ ara" ti sọ ohun tí kò mọ̀. Ara inú ilé ìgbín ló ń dán. Ara ìta lè kún fún ilà. Bí àpá ìta bá wà nínú òkúta kan náà, ibẹ̀ ni kí ó ti lọ wo iṣẹ́ ara. Kí ó tẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ ọn, yóò rí ìta ìkarahun bó ṣe wà gan-an.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: PÍPÍN SÍ ẸBÍ

Lẹ́yìn àpèjúwe, a ó wá ibi tó bá a mu. Ẹ̀ka Mollusca ni gbogbo wọn, kíláàsì Gastropoda. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹbí-ẹbí wà. Àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ SS 2 lè fi ojú dá mọ̀ nìyí:

Turritellidae. Ó rí bí òkòtó tí wọ́n fà gùn: tẹ́ẹ́rẹ́, ìyí púpọ̀, ẹnu kékeré róbótó, kò sí ojú ọ̀nà omi. Ilà tó bá ìyí lọ ló máa ń wà lára rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ àti iyanrìn òkun tí kò jìn ni ó ń sin ara rẹ̀ sí, tí ó ń sẹ́ oúnjẹ kúrò nínú omi. Turritella wà nínú òkúta Ewékorò. Àpèjúwe tó wà nínú àpẹẹrẹ Ìgbésẹ̀ Kẹrin bá ẹbí yìí mu.

Naticidae. Ó rí rùbùtù, àkájọ òkè rẹ̀ kúrú, ìyí ìkẹyìn gba ibi tó pọ̀ jù, ìdodo sábà máa ń wà. Apẹran ni. Ó máa ń lu ihò sára ìkarahun ẹlòmíràn, kí ó tó jẹ ẹran inú rẹ̀. Ẹnu ihò náà róbótó, ó fẹ̀ lóde, ó sì ń dín bó ṣe ń wọnú lọ.

Muricidae. Iṣẹ́ ara rẹ̀ le: òkè, kókó, ẹ̀gún. Ojú ọ̀nà omi hàn gbangba. Òun náà ń lu ihò, ṣùgbọ́n ògiri ihò tirẹ̀ sábà máa ń lọ tààrà.

Volutidae. Ó gùn níwọ̀n, ẹnu rẹ̀ gùn, ìṣẹ́po bíi mélòó kan sì wà lára òpó àárín. Fi ìka tọ́ inú ẹnu rẹ̀ wò.

Conidae. Ìyí ìkẹyìn fẹ̀ lókè, ó ń dín lọ sísàlẹ̀. Ẹnu gùn, ó sì há.

Cypraeidae. Ẹbí owó ẹyọ. Ìyí ìkẹyìn ti bo gbogbo èyí tó kù mọ́lẹ̀. Ẹnu di ojú àlà gígùn tí eyín wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni púpọ̀ nínú owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí èyí tí wọ́n dá ẹ̀yìn rẹ̀ lu láti sín in sókùn lè wo inú rẹ̀, kí ó rí ìyí tó fara pamọ́.

Ìtọ́ni: ojú ọ̀nà omi lára ètè sábà máa ń fi hàn pé apẹran ni ìgbín náà; ẹnu tí ètè rẹ̀ pé yípo sábà máa ń jẹ́ ti èyí tí kì í ṣọdẹ. Ṣùgbọ́n Naticidae tako òfin yìí: ètè rẹ̀ pé, síbẹ̀ ọdẹ ni. Nítorí náà, àmì kan kò tó láti fi pín ohunkóhun. Mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ní, ó kéré tán.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: ORÚKỌ

Orúkọ sáyẹ́ǹsì ní apá méjì, gẹ́gẹ́ bí Linnaeus ṣe là á sílẹ̀ fún àwọn ẹranko ní 1758. Apá kìíní ń sọ ìran, èkejì ń sọ irú. Turritella jẹ́ orúkọ ìran. Lamarck ló fi sọ ọ́ ní 1799. Bí ẹ̀rí bá tó fún ìran ṣùgbọ́n tí kò tó fún irú, Turritella sp. ni a ń kọ. Kì í ṣe ìtìjú. Orúkọ tó ṣe ṣókí tó sì jẹ́ òótọ́ sàn ju èyí tó gùn tí a fojú bù lọ. Ẹni tó bá fún irú tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ yan ìkarahun kan pàtó, kí ó sì fi í pamọ́ síbi tí ẹlòmíràn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtàn ìgbín òkun ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi ìdí èyí hàn. Ní 1922, R. Bullen Newton tẹ ìwé jáde lórí ìgbín àti àwọn ẹbí rẹ̀ láti inú òkúta sáà Eocene ní Nàìjíríà. Ní 1957, F. E. Eames tún gbogbo iṣẹ́ náà yẹ̀ wò. Ohun tó jẹ́ kí irú àtúnyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ni pé ìkarahun wà nípamọ́, àpèjúwe sì wà nínú ìwé. Orúkọ lè yí padà lẹ́yìn ọdún 35. Ìwọ̀n tí a wọ̀n dáadáa kì í yí.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

Pípe gbogbo ohun tó ká ní ìgbín. Bí ó bá ká sójú kan pẹrẹsẹ, tí inú rẹ̀ sì pín sí yàrá-yàrá, ẹbí nautilus ni. Àwọn ammonite tó jọ ọ́ ti parẹ́ láyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, nítorí náà a kò retí wọn ní Ewékorò.

Fífi òòlù yọ ọ́. Fi òkúta díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká, kí o sì fi abẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ṣe ìyókù nílé.

Sísọ àkọlé nù. Ìkarahun tí a kò mọ ibi tó ti wá ti di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Wíwọ ibi ìgbẹ́kùúta láìgba àṣẹ. Ilé iṣẹ́ ló ni ibẹ̀, bọ́ǹbù ni wọ́n sì fi ń fọ́ òkúta. Ilé ìwé ni yóò kọ lẹ́tà, ilé iṣẹ́ ni yóò sì yan ọjọ́ àti amọ̀nà.

ÌSỌNÍSÓKÍ (fún ìwé akẹ́kọ̀ọ́)

Àpáta Adó ti inú ooru wá, kò ní fọ́sìlì ìgbín. Òkúta ẹfun Ewékorò ti inú òkun sáà Paleocene wá. Púpọ̀ nínú ìgbín rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà inú nítorí pé aragonite ti yòrò. Di ìkarahun mú bó ṣe tọ́, sọ irú ohun tó jẹ́, wọ̀n ọ́n, ṣàpèjúwe rẹ̀, fi àmì mẹ́ta ó kéré tán pín in, kí o tó fún un lórúkọ.

ÌGBÉLÉWỌ̀N

1. Quartzite Ẹ̀fọ̀n-Aláayè jẹ́ iyanrìn rí. Kí ló dé tí a kò fi lè rí ìgbín òkun nínú rẹ̀?
2. Kí ni ìpele òkè ní Ewékorò sọ fún wa nípa jíjìn omi?
3. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ẹ̀dà inú àti àpá ìta?
4. A rí ìkarahun Turritella tí ihò róbótó wà lára rẹ̀. Ẹnu ihò náà fẹ̀ lóde, ó dín nínú. Ẹbí wo ni a fura sí?
5. Kí ló dé tí àmì kan ṣoṣo kò tó láti pín ìkarahun?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

(a) Mú ìkarahun ìgbín kan nílé. Kọ àpèjúwe rẹ̀ nípa ìlànà mẹ́sàn-án tó wà lókè, láìya àwòrán. Lọ́la, a ó pààrọ̀ ìwé: ẹnì kejì rẹ yóò ya ohun tí o kọ, a ó sì gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun. Ibi tí wọn kò bá ti jọra ni wàá tún kọ.

(b) Wo àpò sìmẹ́ńtì tó bá wà ládùúgbò rẹ. Kọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí o sì sọ bóyá òkúta ẹfun inú òkun tàbí mábù ni o rò pé wọ́n lò, pẹ̀lú ìdí rẹ.